Ọmọ mi ń wa bàálù: kí ló fẹ́ fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́-fẹ̀yìntì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, nítòsí Tàkíè. Ọmọ mi ọkùnrin kọ́ bàálù wíwà ní Ìlọrin, ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí igbákejì awakọ̀. Ilẹ̀ méjì ni mo tà kó tó dé ibẹ̀. Ní báyìí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú. Ọ̀gá wọn ti pè wọ́n jọ, ó ní ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, pé ẹbí kì í ṣe yúníọ̀nù. Owó tí ọmọ yìí ń gbà lóṣù kan, mi ò gbà á rí lọ́dún kan gbáko nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Ṣé kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, màá ní kó wọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ má sì rò pé ọ̀tá àwọn ọ̀gá ni mí. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá gan-an ni mo jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàálù, kí n tó padà wálé sí Ọ̀yọ́ níbí. Èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà ìdádúró. Èmi náà ni wọ́n máa ń rán lọ bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàádúrà. Ohun tí ojú mi rí lápá ibẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa sọ ohun tí mò ń sọ yìí.

Mo fura pé orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, yúníọ̀nù, ló kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù, mi ò sì dá yín lẹ́bi. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, ẹni tó bá ti gbọ́ yúníọ̀nù, gáráàjì ló ń rí: tíkẹ́ẹ̀tì, ariwo, igi lọ́wọ́, "owó dà?". Ìjà inú gáráàjì yẹn náà ló jẹ́ kí Gómìnà Ṣèyí Mákindé fòfin de NURTW ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin alára ti wà nínú yúníọ̀nù rí, bàbá, ẹ kàn ń gbàgbé ni. NUT ńkọ́? Oṣù Keje ọdún 1931 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yín sílẹ̀ ní Èkó, tí Àlùfáà Ransome-Kuti di ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Oṣù Keje ọdún 1931 yẹn kan náà ni àwọn awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn, ALPA, sílẹ̀ ní Chicago, tí David Behncke sì ṣe ààrẹ wọn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é kó tó di ọjọ́ yẹn, torí ẹni tí ọ̀gá bá gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn náà kì í ṣe tálákà o. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wó lulẹ̀ l'Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn ń tò sí ìlà oúnjẹ ọ̀fẹ́, awakọ̀ òfurufú wà lára àwọn tó ṣì ń gbowó gidi. Síbẹ̀ wọ́n kó ara wọn jọ. Kí ni wọ́n rí?

Owó oṣù ńlá kì í jẹ́ kéèyàn tètè rí i pé agbára kò sí. Ẹ wo iṣẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá lé olùkọ́ ìṣirò kúrò ní iléèwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ó lè máa kọ́ ìṣirò ní Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìṣirò tó mọ̀ kò bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ti awakọ̀ òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irú bàálù tó kọ́ ni ìwé àṣẹ rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń wa ATR kò lè jí lọ́la kó lọ gun Boeing 737. Yóò lọ gba ẹ̀kọ́ mìíràn tó jẹ́ ti 737 nìkan, lọ́pọ̀ ìgbà nílẹ̀ òkèèrè, nínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù, owó dọ́là sì ni. Bí kò bá gbéra, kó sì balẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 90 ọjọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé èrò mọ́ títí wọ́n á fi tún dán an wò. Dókítà tí ìjọba fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Àìsàn tí ẹ̀yin lè máa lo oògùn sí, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ kíláàsì yín lọ, ó lè dá òun jókòó sílé fún oṣù púpọ̀. Bó bá fi ibi tó ti di ọ̀gá awakọ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lágbàáyé ni yóò ní kó lọ tò sẹ́yìn, kó tún di igbákejì awakọ̀, nítorí ọjọ́ téèyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà níbẹ̀.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀gá bá lé olùkọ́ láìtọ́, tí ẹjọ́ falẹ̀ ní kóòtù fún ọdún méjì, olùkọ́ á jàre, á sì padà sí kíláàsì. Awakọ̀ òfurufú lè jàre pẹ̀lú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, àkókò ti kọjá lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, owó tí yóò fi sọ wọ́n dọ̀tun kò sì sí. Èèyàn kò nílò láti borí rẹ̀ nínú ẹjọ́. Kí wọ́n ṣáà dá a dúró nílẹ̀ pẹ́ títí, ó ti tó. Àwọn ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Bọ́ńdì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó ẹ̀kọ́ bàálù tuntun fún awakọ̀, tí wọ́n á sì ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní lọ fún ọdún mélòó kan, àti pé bí òun bá lọ, òun yóò san owó náà padà. Kò burú, ilé-iṣẹ́ náà náwó. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti fi bọ́ńdì dè kò lè sọ fún ọ̀gá pé "bó ò bá ṣe é dáadáa, màá lọ o". Ọ̀gá mọ̀ pé kò lè lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi àtẹ̀yin tí a jẹ́ èrò gan-an ni mò ń bọ̀. Òfin àgbáyé fi àṣẹ ìkẹyìn lórí bàálù sọ́wọ́ ọ̀gá awakọ̀. Bó bá ní a ò lọ, a ò lọ náà nìyẹn, ẹni tó ni bàálù pàápàá kò gbọ́dọ̀ fipá mú un. Lórí ìwé nìyẹn. Ẹ rò ó wò nígbà ọyẹ́, kí eruku bo ojú ọ̀run, kí èrò ti kún pápákọ̀ òfurufú Alákíà ní Ìbàdàn, kí wọ́n ti máa bú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jókòó níbi káńtà, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì ti pe fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin láti Èkó pé "ṣé ẹ ti gbéra?". Òfin fún awakọ̀ láṣẹ, ọ̀gá fún un lóúnjẹ. Ẹni tó dá dúró láàárín méjèèjì, tí bọ́ńdì sì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣé ó dá yín lójú pé lójoojúmọ́ ni yóò máa lágbára láti sọ pé rárá?

Ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún awakọ̀ òfurufú ní pàtàkì nìyí lójú tèmi: kí "rárá" má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá sọ pé àárẹ̀ mú òun, tàbí pé bàálù kò dára, wọn kò ní yọ owó rẹ̀, wọn kò ní fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, ẹni tó sọ ọ́ kò dà bí ọlọ̀tẹ̀ mọ́. Àdéhùn ló ń tẹ̀ lé.

Ohun tó jọ ìyẹn wà lára ohun tí ALPA kọ́kọ́ rí gbà. Ní ọdún 1934, àjọ ìjọba tó ń parí aáwọ̀ òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà gbé ìpinnu kan kalẹ̀, wọ́n ń pè é ní Decision 83. Ó sọ bí wọ́n á ṣe máa ṣírò owó awakọ̀, ó sì fi òté lé iye wákàtí tó lè fò: 85 lóṣù. Ó wá di pé owó àti oorun ń gbé inú ìwé kan náà, wọn kò sì tíì pínyà láti ìgbà yẹn.

Nípa oorun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàálù Colgan Air 3407. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, bàálù kékeré kan gbéra láti Newark, ó ń lọ sí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Kò débẹ̀. Orí ilé kan ló já lé, gbogbo àwọn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan nínú ilé náà kú pẹ̀lú. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀gá awakọ̀ fa ọwọ́ ìjánu bàálù nígbà tó yẹ kó tì í, ẹ̀bi iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ohun mìíràn. Òru mọ́jú ọjọ́ yẹn ni igbákejì awakọ̀ fi wọ bàálù láti Seattle, lódìkejì orílẹ̀-èdè náà, kó lè débi iṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ kéré, òtútù mú un, ara rẹ̀ kò yá. Ohùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń sọ pé bí òun bá ní ara òun kò yá báyìí, òun fúnra òun ni yóò sanwó òtẹ́ẹ̀lì títí ara òun yóò fi yá.

Bàbá, gbólóhùn yẹn nìkan ti tó ẹ̀kọ́ kan lódindi. Kò sẹ́ni tó fipá mú un wọ bàálù. Òfin kò ní kó fò nígbà àìsàn. Ìṣirò owó lásán ló gbé e lọ síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti jókòó dúnàádúrà ṣáájú pé kí ilé-iṣẹ́ máa sanwó òtẹ́ẹ̀lì ẹni tí àìsàn mú lẹ́yìn odi, ìṣirò yẹn ì bá ti yàtọ̀. Bóyá bàálù náà ì bá ṣì já, mi ò lè búra. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà sọ pé ó jọ pé àárẹ̀ dín agbára iṣẹ́ àwọn awakọ̀ méjèèjì kù, àmọ́ wọn kò lè wọn bó ṣe tó.

Lẹ́yìn rẹ̀, òfin tuntun jáde ní ọdún 2010, ìlànà ìsinmi tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014: wákàtí 10 ìsinmi kí awakọ̀ tó tún bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, kí 8 nínú rẹ̀ jẹ́ àyè oorun tí ẹnikẹ́ni kò ní dí lọ́wọ́, bí awakọ̀ bá sì sọ pé àárẹ̀ ti mú òun, ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó fò. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan ló jà á o. Ẹbí àwọn tó kú ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin títí wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ló ní àwọn tó mọ ìṣirò wákàtí, tí wọ́n lè jókòó sí ìpàdé ìjọba lọ́dọọdún nígbà tí ojú àwọn oníròyìn ti kúrò níbẹ̀.

Wọn kò sì rí gbogbo rẹ̀ gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù kó ẹrù ní ìnáwó rẹ̀ yóò pọ̀ jù, ìjọba sì yọ àwọn awakọ̀ bàálù ẹrù kúrò nínú ìlànà náà, bí ẹni pé oorun kì í kun àwọn tó ń fò lóru. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, bàálù ẹrù UPS kan já nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama ní ìdájí, awakọ̀ méjèèjì kú, àárẹ̀ sì wà lára ohun tí ìwádìí tọ́ka sí. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ UPS gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò jàre. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ ti bọ́ nínú ewu.

Ohun mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í sábà rò: àṣìṣe. Awakọ̀ òfurufú ń ṣe àṣìṣe lójoojúmọ́, àwọn tó dára jù lọ pàápàá, ọ̀pọ̀ jù lọ àṣìṣe náà kì í la ẹ̀mí lọ. Bí ẹni tó ṣe é bá lè sọ ọ́ síta, ẹlòmíràn yóò kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Bó bá sì mọ̀ pé ẹni tó bá sọ ọ́ ni wọ́n máa lé, yóò gbé e mì. L'Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló gbé ètò ìjẹ́wọ́ àṣìṣe àwọn awakọ̀ dúró: ìjọba, ilé-iṣẹ́, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ti ẹgbẹ́ ló jẹ́ kí awakọ̀ gbà pé ohun tí òun bá sọ kò ní padà di ẹ̀wọ̀n fún òun. Ọ̀gá lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ń yí padà. Mo ti rí i tí ọ̀gá tuntun wọlé tí ó tú fáìlì ọ̀gá àtijọ́, tó wá ń fi ìjẹ́wọ́ àwọn èèyàn wá ẹni tí yóò dá dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àìsàn. Láti ọdún 1974 ni ALPA, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ti jọ ní ètò kan tó ń jẹ́ HIMS, tí awakọ̀ tí ọtí ti mú lẹ́rú lè gbà tọ́jú ara rẹ̀, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìfipamọ́ ló wà. Ẹ wo ohun tí ìfipamọ́ ṣe ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2015: igbákejì awakọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ bàálù Germanwings, tí dókítà ti kọ̀wé pé kò yẹ kó ṣiṣẹ́, fi ìwé náà pamọ́, ó ti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ìta, ó sì darí bàálù sí ara òkè ní ilẹ̀ Faransé. Èèyàn 150 ló kú. Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ o, kò sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí Yúróòpù sọ di òfin lẹ́yìn náà ni pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù ní ètò tí awakọ̀ ti lè bá awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, láìfi ìbẹ̀rù iṣẹ́ pa á mọ́ra. Ta ni awakọ̀ máa fọkàn tán nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ béèrè, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹgbẹ́ ń mówó wá, òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù Delta l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn tó fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn láàárín ọdún mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ bàálù Ryanair ní ilẹ̀ Ireland kò gbà láti bá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá wọn, Michael O'Leary, sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣètò ìsinmi àwọn awakọ̀ lọ́nà òdì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrìn-àjò sì di èyí tí wọ́n fagi lé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, tí àwọn awakọ̀ ní àwọn yóò yanṣẹ́ lódì nígbà Kérésì, Ryanair ní òun ti ṣe tán láti gbà wọ́n ní ẹgbẹ́. Kì í ṣe ìyọ́nú ló ṣe é.

Ti ilé wa níbí, ẹ rántí Nigeria Airways. Ọdún 1958 ló bẹ̀rẹ̀, ọdún 2003 ni ìjọba pa á rẹ́. Awakọ̀, ẹnjiníà, àwọn tó ń gbé ẹrù, gbogbo wọn ni wọ́n jókòó de owó ìdágbére wọn. Ìgbà tó di ọdún 2018 ni ìjọba Buhari fọwọ́ sí bílíọ̀nù 22.68 náírà, tí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo owó náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan ti kú, ìdílé wọn ló gbà á. Ẹni tó ti gbowó ńlá rí ni ọ̀pọ̀ wọn o, bàbá, owó ńlá náà kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Abuja. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n tún ń lọ. Ẹni tó bá dá nìkan kọ lẹ́tà, mo mọ ibi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń sùn sí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹbí tí ọ̀gá wọn ń sọ, èmi náà ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀gá kà rí níbi ìpàdé. Ó máa ń dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn COVID dé ní ọdún 2020, lẹ́tà ìdádúró ni àwọn awakọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, owó oṣù àwọn mìíràn sì wálẹ̀ ṣìì. Mi ò sọ pé ìkà ni àwọn ọ̀gá náà. Bàálù tí kò fò kò mówó wọlé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́ yẹn, níbi tí ẹgbẹ́ kò sí, kò sẹ́ni tó lè béèrè pé ta ló kọ́kọ́ lọ, kí ló dé, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ pè padà. Ká sọ òótọ́, ó tilẹ̀ rọrùn fún ọ́fíìsì tiwa láti bá ẹgbẹ́ kan jókòó ju kí a máa bá ọgọ́rùn-ún èèyàn fa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó gbọ́n máa ń mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ẹ tún gbọ́ apá tí kò dùn. Ẹgbẹ́ lè jà, kó sì ṣubú yakata. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Frank Lorenzo, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bàálù Continental Airlines l'Amẹ́ríkà, gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé ó ti wọ gbèsè, ó fi ìyẹn ya àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ dànù, ó sì gé owó wọn. Àwọn awakọ̀ yanṣẹ́ lódì títí di ọdún 1985, bàálù ń fò, àwọn ló padà wá bẹ̀bẹ̀. Ẹgbẹ́ tún lè dá ara rẹ̀ lápá. Nígbà tí US Airways àti America West di ọ̀kan ní ọdún 2005, àwọn awakọ̀ méjèèjì bá ara wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ta ni àgbà, títí apá tó pọ̀ jù fi dìbò mú gbogbo wọn kúrò lábẹ́ ALPA. Ètò àgbà yẹn náà, bó ti dára tó fún ìdáàbòbò, ó máa ń dun ọmọ tó mọṣẹ́ gan-an tí ó ní láti dúró kí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá. Ó lè dun ọmọ tiyín. Ìyẹn wà nínú owó ìwọlé.

Ní Nàìjíríà, ọ̀ràn ìyanṣẹ́lódì tún yàtọ̀. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2005 sọ pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ dí bàálù lọ́wọ́ láti fò nítorí ìyanṣẹ́lódì. Àwọn òfin ọkọ̀ òfurufú ọdún 2022 sì ka iṣẹ́ tó ń mú kí bàálù gbéra, kó sì balẹ̀, mọ́ iṣẹ́ kòṣeémánìí, tí mínísítà lè fi ìlànà ṣe ìyanṣẹ́lódì nínú rẹ̀ léèwọ̀. Èmi kò fara mọ́ bí òfin náà ṣe gbòòrò tó, torí ó gba igi lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láìfún un ní nǹkan gidi kan dípò. Ṣùgbọ́n òfin ni. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ kan ni wọ́n á ti gbogbo pápákọ̀ pa. Ìwé, ìjókòó, National Industrial Court (kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́) àti ẹnu àwọn oníròyìn ni agbára tó wà lọ́wọ́ wọn níbí.

Ṣé wọ́n lè lé e torí pé ó wọ ẹgbẹ́? Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, ó sì dárúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tààràtà. Bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kan bá ní kó má wọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní rọrùn fún ọ̀gá láti gbèjà ní kóòtù. Ìyẹn kò sọ pé kò sẹ́ni tí yóò gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lé èèyàn nítorí ẹgbẹ́ kì í kọ "ẹgbẹ́" sínú lẹ́tà. "Ìwà àìgbọràn" ló máa kọ, tàbí "àtúntò ilé-iṣẹ́". Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, bí yóò bá wọ̀ ọ́, kó fọgbọ́n wọ̀ ọ́. Kò sí ìdí láti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Èèyàn 50 ni òfin ń béèrè kí wọ́n tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í gbà kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi tí òmíràn ti wà. NAAPE wà, òun ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bàálù àti ẹnjiníà bàálù ní orílẹ̀-èdè yìí. Kó má ṣe jẹ́ òun àti ọ̀rẹ́ méjì péré ni yóò lọ. Kí ọ̀pọ̀ wọn jọ lọ lọ́jọ́ kan náà, torí lílé ẹnì kan rọrùn ju lílé ogún lọ. Kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ọjọ́ ìdánwò ní gbogbo oṣù yẹn: kó má pẹ́ dé, kó má fi ìwé kankan sílẹ̀ láìkọ, kó má bá ẹnikẹ́ni ṣàròyé lórí WhatsApp ilé-iṣẹ́. Kó máa tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wákàtí tó fò àti wákàtí tó fi sinmi sílé tirẹ̀, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ nìkan.

Ohun kan tí àwọn tuntun kì í mọ̀: ní Nàìjíríà, àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá bá ọ̀gá ṣe ti máa ń dà bí ìlérí ọlọ́lá tipẹ́, tí kóòtù lè má fi de ọ̀gá bí kò bá sí nínú ìwé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. National Industrial Court ti ń fojú tó dára wò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi orí ọmọ yín ṣe ìdánwò. Kí wọ́n béèrè pé kí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí àdéhùn náà ní orúkọ. Gbólóhùn kan péré ni.

Bọ́ńdì rẹ̀ ńkọ́? Kí ó gbé ẹ̀dà rẹ̀ fún lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, kó sì béèrè ohun méjì: bí ilé-iṣẹ́ bá dá a dúró fúnra rẹ̀, ṣé ó ṣì máa san owó náà padà? Àti pé ṣé iye tí yóò san ń dín kù bí oṣù ti ń kọjá, àbí odindi rẹ̀ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn? Bí lọ́yà bá ní odindi rẹ̀ ni, èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé.